Ìró Kan Ṣoṣo Tí Gbogbo Yúróòpù Ró

Lóru àná, ẹ̀yin ọmọ mi, àlá gbé mi dé Yúróòpù láìgba físà. Èkuru ló fà á. Abọ́ mẹ́ta ni mo jẹ, mo sì sùn ti rédíò níbi tó ti ń ròyìn ìbò àwọn Òyìnbó àti owó Yúrò tí wọ́n jọ ń ná. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá yó, ibo ni yóò ti rí agbára lálàá?

Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé Yúrò kì í ṣe owó rárá. Ìró ni. Ìró aláró kan ṣoṣo, gbogbo orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ló sì jọ ró o papọ̀ bí obìnrin ilé kan. Ìyálé Jámánì wà níwájú, ó di etí aṣọ mú gírígírí. Fàransé tẹ̀ lé e, Ítálì tẹ̀ lé ìyẹn, Gíríìsì tó jẹ́ ìyàwó kékeré wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí aṣọ kì í ti í tó. Bí Ìyálé bá gbẹ́sẹ̀ gígùn, Gíríìsì a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bí Gíríìsì bá jókòó sinmi, gbogbo wọn a jókòó.

"Ẹ wọlé, Màmá," ni Gíríìsì wí. "Atẹ́gùn pọ̀ níta."

Ìgbà náà ni mo tó wo ara mi. Ìhòhò goloto ni mo wà! Mo sáré kó sínú ìró náà, mo dúpẹ́, mo sì bá wọn rìn lọ. Kò yà mí lẹ́nu.

Ní oríta kan, ọkùnrin kan dúró lórí àgbá ọtí, ó ń polongo ìbò. Àlùmọ́gàjí tó ga tó ọ̀pẹ ló mú lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gé-Tìrẹ ni wọ́n ń pè é.

"Ta ló ń fa aṣọ yín?" ó kígbe.

"Ẹlòmíràn ni!" ni gbogbo èrò dáhùn.

"Ta ló jẹ́ kí òtútù mú yín?"

"Ẹlòmíràn ni!"

"Ẹ dìbò fún mi lónìí, màá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kálukú á gba tirẹ̀!"

Ṣé kí n purọ́ fún yín ni? Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ohùn ọkùnrin yẹn dùn, eyín rẹ̀ sì funfun. Mo ti ń ro ohun tí màá fi tèmi rán. Ìgbà tó yá ni mo nawọ́.

"Ọmọ mi, tí o bá gé e, èwo ló máa bo ìdí mi?"

"Màmá, ìyẹn di ẹ̀yìn ìbò."

"Ẹ̀yìn ìbò kẹ̀? Ẹ̀yìn tèmi ni mò ń bi ọ́!"

Ó kọjú sí èrò, ó ń ṣí àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó ń pa á dé. Mo bá sọ fún àwọn obìnrin náà pé ká tètè lọ dìbò, kí àlùmọ́gàjí yẹn tó dé ara wa.

Ọ́fíìsì ìbò wà lófuurufú, ó ń léfòó bí igbá lórí omi. A gun àkàbà lọ bá a nínú ìró kan náà, orúnkún ẹnì kan wà létí ẹnì kejì. Ọ̀gá ìbò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé òfin.

"Ẹ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan! Òfin ni!"

"Ọ̀gá, aṣọ kan la ró," ni Ìyálé Jámánì wí.

"Mo ní òfin ni, òfin ni, ò... mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Bó ṣe di òbúkọ nìyẹn, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ipò ṣì ni ipò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé òfin. Nígbà tó jẹ ojú ewé "lọ́kọ̀ọ̀kan" tán, ó yà fún wa.

"Ìbò dọ́gba," ni àpótí ìbò wí bá a ṣe wọlé. "Ẹnì kan ló kù. Màmá, ṣé ọmọ ibí ni yín?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ìdí mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà."

"Ẹ̀rí yẹn tó," ni àpótí wí.

Mo fẹ́ tẹ̀ka ni Gé-Tìrẹ já wọlé. Kò lè dúró de èsì. Ó fi àlùmọ́gàjí fa aṣọ lápá ọ̀dọ̀ Gíríìsì, ìró sì tú! Ni Fàransé bá ń fà á síbí, Ítálì ń fà á sọ́hùn-ún.

"Ẹ má fà á!" mo pariwo. "Ṣé ẹ ò ní ìyá ni? Tí ìró obìnrin bá tú lójú ọ̀nà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fà á. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, kó lè tún un ró!"

Wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, Ìyálé Jámánì kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Gíríìsì, ó sì dẹwọ́ lára etí aṣọ rẹ̀. Bí ó ṣe dẹwọ́ ni aṣọ tó dé ẹ̀yìn pátápátá. Gíríìsì tún un ró, ó fún un ní kókó tó dáa.

Inú bí Gé-Tìrẹ. Ó gé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Wọ̀ọ̀! Ṣòkòtò rẹ̀ já bọ́. Lára ìró náà ni wọ́n ti rán an, kò mọ̀!

"Màmá!" ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí èmi náà ká!"

Ta ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ sínú òtútù? A yí i ká. Gbogbo wa kọ ẹ̀yìn, títí kan òbúkọ. Èmi nìkan ni mo bojú wẹ̀yìn díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ariwo yẹn, orí àgbá ló mọ.

Mo tẹ̀ka pé kí wọ́n má gé e. Àpótí gbé àlùmọ́gàjí náà mì, ó gùnfẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́fíìsì fi mì tìtì, ni mo bá jí.

Àwẹ̀ró, àbúrò mi, ló dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó ń gbọ̀n nínú ọyẹ́ ìdájí, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Láti ìgbà tí ọkọ tèmi àti ọkọ tirẹ̀ ti kú la ti jọ ń da kúbùsù kan bora.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹ̀ lẹ tún ti fà! Lónìí olónìí, màá lọ ra tèmi."

Mo wo ara mi. Mo ti wé e mọ́ra bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé.

"Lọ rà á," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọlé ná."

Mo ṣí etí kan sókè fún un. Ó wọlé, ó ń kùn, ó sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ tútù méjèèjì lé mi nídìí. Mo ké bí ẹni tí àkeekèé ta. Ṣùgbọ́n n kò sún kúrò níbẹ̀.