Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà

Bàbá Onímáṣíìnì na tépù láti ilẹ̀ dé etí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó sì kà á. Íǹṣì méjìdínlógún. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí yóò wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

"Àbí ẹ rò pé bọ́ọ̀sì máa ń dàgbà lóru ni?" Ìyàwó rẹ̀ ló ń bi í láti ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí.

"Ojú a máa purọ́, tépù kì í purọ́," ni ọkùnrin náà dáhùn láti orí àga onítáyà rẹ̀.

Ogójì ọdún ló fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe kí àìsàn eegun ẹ̀yìn tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Apá rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ẹsẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé fún ọdún méjìlélógún, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò, títí kan ọkọ rẹ̀, fi ń pè é ní Ìyá Dérẹ́bà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ó ń gbé ọkọ rẹ̀ wọ takisí, nǹkan kan já lẹ́yìn rẹ̀ bí okùn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju garawa omi kan lọ mọ́, kò sì gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni gun òkè.

Ìyẹn ló mú kí àwọn ọmọ wọn méjèèjì ṣèpàdé lórí fóònù. Àkọ́bí fẹ́ mú bàbá lọ sí ilé rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ mú ìyá lọ sí ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n tọkọtaya yìí ti sùn sábẹ́ òrùlé kan fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, ìfẹ́ náà sì fẹ́ là wọ́n sí méjì bí ẹni la igi ìdáná.

Bàbá bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jọ dá májẹ̀mú. Bí òun àti ìyá wọn bá dá lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n dá bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ gbé òun, wọn yóò máa gbé ilé wọn lọ. Òní ni ọjọ́ tí wọ́n dá. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì rẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, nítorí aago méjìlá ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Ní aago méjì, Àkọ́bí yóò wọlé pẹ̀lú mọ́tò.

Gbogbo nǹkan ló ti wà nílẹ̀ àfi ohun kan. Bàbá ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà kúrò. Ó ti de púlì kan, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà yí, mọ́ irin tó wà lẹ́yìn àga dérẹ́bà. Okùn yóò ti iwájú àga onítáyà lọ, yóò yí púlì náà po, yóò sì padà sí ọwọ́ rẹ̀, kí ó lè máa fa ara rẹ̀ gòkè. Nítorí okùn náà lọ ó tún bọ̀, ìdajì ìwúwo ló máa kan apá rẹ̀. Iṣẹ́ Ìyá Dérẹ́bà kò ju kí ó máa fi wọ́ọ̀jì, igi tí kì í jẹ́ kí táyà yí padà, ti táyà lẹ́yìn nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń mí. Bàbá ti kan wọ́ọ̀jì náà mọ́ igi gígùn kan kí obìnrin náà má bàa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Afárá ló kù, irin pẹlẹbẹ tí àga yóò gbà gòkè. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti fi pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin dán an wò. Ó gòkè ṣánṣán jù. Àga náà fì sẹ́yìn, èjìká ni Ìyá Dérẹ́bà fi gbà á, ó sì sùn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Bàbá bá ṣe ìṣirò rẹ̀: íǹṣì kan ní gíga, íǹṣì mẹ́rin ní gígùn. Méjìdínlógún lọ́nà mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà nìyẹn. Ó pe wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò lórí fóònù: "Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kí o ṣe fún un o. Ẹsẹ̀ mẹ́fà géérégé."

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀ nígbà tí wẹ́dà ti ọmọlanke wọlé, tó ń fẹyín.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Iṣẹ́ yín rèé. Mo ní, Bàbá yìí ò fẹ́ kí nǹkan ó mì rárá."

Bàbá wò ó. Irin pẹlẹbẹ kan ni, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ ní gígùn, ó dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, bíi tábìlì ìjẹun.

"Kí nìyí?"

"Afárá yín ni. Ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹ bá mi kà á: ení, èjì, ẹ̀ta..."

"Gígùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ò kúkú sọ gígùn. Mo fojú bù ú."

Ìyá Dérẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀yìn mú. "Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń wí! Kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà!"

"Háà, Màámi! Wọn ò dárúkọ bàtà o. Ká ní wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀, ǹ bá ti wọ bàtà fún un ni."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Wẹ́dà ní kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù òun, kò sì sí irin mìíràn nílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, kí ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀."

"Kí ó tún fì wọ́n sẹ́yìn?" Ohùn Ìyá Dérẹ́bà yí padà. "Mo máa gbà wọ́n o, Wẹ́dà. Ta ló máa gba èmi?"

Bàbá ń wo irin náà, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń kówó. Lójijì ó nawọ́. "Ayùn irin dà? Gé mẹ́rin yìí kúrò. Má gé méjì tó gbẹ̀yìn tán. Íǹṣì mẹ́fà ni kí o ṣẹ́kù sí wọn." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Bá mi mú sukurudiráfà wá."

Inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ló yí àga lọ. Pákó orí tábìlì rẹ̀ nípọn, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Sukúrù mẹ́jọ ló dè é mọ́lẹ̀. Ó ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin!" ni Ìyá Dérẹ́bà wí. "Tábìlì tí ẹ ò jẹ́ kí n gbé ife omi lé rí?"

"Irin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin yóò sọ̀ kalẹ̀ ní íǹṣì méjìlá, orí ẹsẹ̀ kúkurú méjì yẹn ni yóò jókòó lé. Pákó yìí yóò gba íǹṣì mẹ́fà tó kù. Mẹ́rin àti méjì, mélòó ni?"

Obìnrin náà bá a di etí pákó náà mú.

Ayùn lọ́ra. Fóònù dún nígbà tí ẹsẹ̀ kẹrin já bọ́. Àkọ́bí ni.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti dé ilé ìwòsàn?"

"Ọ̀nà ibẹ̀ la wà."

"Ẹ má fi ara yín wewu o. Mo ti gbéra."

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fi bóòtù de irin náà mọ́ etí bọ́ọ̀sì kí ó lè máa ṣí, kí ó sì máa dé bí ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì fi ìkọ́ méjì kọ́ pákó mọ́ ọn. Bàbá di okùn mú, ó fà. Àga gun pákó. Táyà kékeré iwájú há sí ojú ibi tí igi àti irin ti pàdé, àga sì dúró gírí.

"Wọ́ọ̀jì!"

Ó ti wà níbẹ̀. Bàbá mí lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á lẹ́ẹ̀kan gìrì, táyà fò ó kọjá. Fífà mẹ́rin sí i, ó wà nínú bọ́ọ̀sì, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó de àga mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fa okùn kejì tí wọ́n so mọ́ orí irin náà; irin náà gbéra, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì nínú. Wẹ́dà gbé pákó sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ́ ti fọwọ́ kan nǹkan," ni Ìyá Dérẹ́bà wí.

"Pákó ni mo gbé, Màámi, mi ò gbé Bàbá."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú sí aago méjìlá tí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Ìyá Dérẹ́bà rọra fa pákó náà sílẹ̀ láìgbé e, ọkọ rẹ̀ tú okùn, irin sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀. Ti òsì ń rọ̀ lófuurufú, ìka méjì ló fi jìnnà sí ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ń sáré bọ̀. "Ẹ jẹ́ n gbé Bàbá!"

"Má fọwọ́ kàn án!" Àwọn méjèèjì ló jọ pariwo.

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé àìsàn wọn ń ràn ni?"

"Ó ń ràn gan-an," ni Bàbá wí. "Sún sẹ́yìn."

Ìyá Dérẹ́bà wo ilẹ̀, ó wo táyà. Ó ní kí ọkọ òun fa irin sókè, ó fẹsẹ̀ ti pákó sábẹ́ ògiri, ó padà sídìí ọkọ̀, ó wà á síwájú, ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó tún fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dúró ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Irin sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ti pákó padà sáyè. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Bàbá wé okùn mọ́ irin ẹ̀yìn àga dérẹ́bà nígbà mẹ́ta kí ó má bàa sá mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀. Irin ń dún, pákó ń dún. Ìyá Dérẹ́bà ń fi wọ́ọ̀jì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò mí títí táyà fi kan ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tí wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ọ̀la ńkọ́?"

"Kò sí ọ̀la fún wa, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Ó wo ojú wọn, ó gbé báàgì sílẹ̀. Lẹ́yìn tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó tẹ òǹtẹ̀, ó sì kọ àkókò tí wọ́n wọlé sí i: aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Bàbá fi okùn fa ara rẹ̀ wọlé, ó sì fi okùn fa pákó náà tẹ̀ lé e. Àkọ́bí ti wà nínú ọgbà nígbà tí wọ́n dé, báàgì tí yóò kó aṣọ bàbá sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré bọ̀ bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe ṣí.

"Dúró síbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Òǹwòran ni ọ́."

Ó dúró. Irin sọ̀ kalẹ̀, pákó bọ́ sáyè, bàbá rẹ̀ ń tú okùn títí ó fi gúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì na káàdì sí i. Àkọ́bí ka òǹtẹ̀, ó ka àkókò. Ó fi ọwọ́ mi afárá náà. Kò mì.

"Ẹnikẹ́ni ò gbé yín?"

"Ẹ̀ṣọ́ kan fẹ́ gbé mi. Ó ṣì ń sá lọ títí di ìsinsìnyí."

Àkọ́bí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbọ́. Ó fa fóònù yọ. "Àbúrò mi, ká bẹ́ẹ̀dì tí o tẹ́ fún Màámi kúrò. Rárá. Àwọn méjèèjì ń gbé ilé wọn lọ. Mo fojú ara mi rí i."

Kò tíì pa fóònù tán tí ìyá rẹ̀ fi yọjú láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Bá wa sún mọ́tò rẹ, o dí wa lọ́nà."

"Ẹ ò tíì jókòó! Níbo lẹ tún ń lọ?"

Bàbá ti yí àga padà sí ìdojúkọ afárá, ó ń so okùn mọ́ iwájú rẹ̀. "A ò tíì mọ̀," ni ó wí.