Ẹ̀wà Inú Etí Òsì

Ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí Herminia Zaldívar ti ń ṣeré ní ìlú Mẹ́síkò, nígbà tí àwòrán ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, kò sẹ́ni tó ń sọ fún òṣèré pé a lé e. Pípa ni wọ́n máa ń pa á. Inú eré ni yóò kú sí: ibà á dá a dùbúlẹ̀, tàbí ọkọ̀ rẹ̀ á ré sí àfonífojì, ẹbí á sunkún, ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ń gbé eré náà jáde á polówó ọjà rẹ̀, ó parí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí òkú náà ní ìkóríta tó ń ra tàmálì, ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n ń pọ́n léwé, tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, Arrieta, ẹni tó ń darí eré, ti sọ ọ́ gbangba lójú gbogbo wọn. Ó ní àwọn ọlọ́ṣẹ ń fẹ́ ojú ọ̀dọ́. Àgbà méjì ló wà nínú eré, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kú ní Jímọ̀. Herminia tó ń ṣe ìyá, tí wọ́n ń fi oyè àgbà pè ní Doña, ni ọ̀kan. Don Evaristo Quiñones ni èkejì, òun ló ń ṣe ọkọ tó sá nílé lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Eré ọ̀sán yìí, níbi tí ọkọ àti ìyàwó yóò ti kojú ara wọn, ni Arrieta fẹ́ fi mọ ẹni tí òun máa sin.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Doña," Evaristo wí bí wọ́n ti ń kun wọ́n ní àtíkè. "Bí wọ́n bá pa yín, n ó sunkún yín dáadáa. Ẹ mọ̀ pé mo mọ ẹkún sun."

"Ẹkún yín? Èyí tí ẹ sun nígbà tí a wà nínú àgọ́ eré, táwọn èrò ń fi èèpo ọsàn sọ yín? Ẹ fi pamọ́, ẹ ó nílò rẹ̀ fún òkú ara yín."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun.

Ojoojúmọ́ ni eré náà ń lọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni gbogbo ìlú ń wò ó. Ẹyin lohùn, bó bá já bọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣà á. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ eré tó máa ń dé, tòun ti tàdáwà tútù lórí ìwé. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ sórí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki ohun kékeré kan bọ òṣèré létí, irin tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹ̀wà náà ni wọ́n sì ń pè é. Wáyà rẹ̀ á gba abẹ́ irun lọ sẹ́yìn aṣọ. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Chela á jókòó sínú yàrá onígíláàsì, á máa ka ọ̀rọ̀ gbogbo wọn sínú etí gbogbo wọn, kálukú á mú tirẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: etí tí kámẹ́rà kò rí ni ẹ̀wà ń wọ̀.

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni etí òsì Herminia sì ti kú. Ibà ló pa á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run bá a ṣe é, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ni kámẹ́rà máa ń wò, etí ọ̀tún ni ẹ̀wà máa ń wọ̀, àṣírí sì ń bò lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán yìí ó wọlé, ó bá fèrèsé tuntun lára ògiri pákó. Wọ́n ti yí àga rẹ̀ padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni kámẹ́rà yóò máa wò báyìí.

"Ibí lẹ máa jókòó sí lónìí, Doña," ni Arrieta wí.

"Ọmọ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi làwọn èèyàn mọ̀."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ẹni tó ń fọṣọ lọ́wọ́ bó ti ń wò yín ò ní kà á."

"Iná ẹ̀yìn fèrèsé yẹn á máa ta sí mi lójú."

"Ẹ kúkú sọ bó bá ti rẹ̀ yín, Doña, kí a lè mọ̀."

Ẹ̀rín ni Arrieta fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Herminia mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó lọ jókòó. Wọ́n ki ẹ̀wà bọ̀ ọ́ létí òsì, ó dà bí ìgbà tí a ki òkúta bọ ihò ògiri. Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, ó ń kà á wàìwàì. Ìlà àkọ́kọ́ ló rí mú. Kí ó tó dé ìkejì, iná pupa orí kámẹ́rà tàn.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Evaristo ṣílẹ̀kùn, ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?" Herminia bi í. Ìyẹn ni ìlà tó mọ̀.

"Ọwọ́ mi ni, ìyàwó mi. Ilé mi ṣáà ni."

Ó wá kan Herminia. Kò gbọ́ nǹkan kan. Iná gbígbóná òkè wọn ló ń kùn bí agbọ́n. Òógùn ń wá ọ̀nà lábẹ́ àtíkè. Ó fi ìpẹ̀kun ojú rí Chela lẹ́yìn gíláàsì, ẹnu ń lọ, ó dúró, ó tún ń lọ: ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún kà. Arrieta ti di orí mú. Ọwọ́ Herminia gòkè fúnra rẹ̀, ó kan etí òsì, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀.

Evaristo rí ọwọ́ yẹn. Ohun tí Chela ń kà fún Herminia ń wọ etí tirẹ̀ náà kedere. Ó mọ̀. Herminia náà sì rí i pé ó ti mọ̀. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí ní í ṣe ju kí ó dúró síbẹ̀ bí òpó. Bí ìdákẹ́jẹ́ yìí bá gùn díẹ̀ sí i, ó ti rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà.

Ẹni tí à ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Herminia fi Chela sílẹ̀, ó fi Arrieta sílẹ̀, ó gbé ojú lé Evaristo.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ," ó ní. "O fẹ́ bi mí pé níbo ni mo wà lọ́jọ́ tí ọmọ wa ń kú lọ."

Herminia hán an bí ẹni hán bọ́ọ̀lù. "Níbo lo wà? Dá mi lóhùn! Níbo lo wà lọ́jọ́ tí ọmọ wa ń kú lọ?"

"Veracruz ni mo wà. O sì fẹ́ sọ pé o ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ránṣẹ́! Mo ránṣẹ́ títí ojú fi ń ti àwọn tí mò ń rán."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Evaristo ń gbé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu bí ẹni ń fún ẹni tí a dè lọ́wọ́ lómi mu. Ṣùgbọ́n Chela kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọ̀rọ̀ ìyàwó ń ya wọ orí kan ṣoṣo, wọ́n sì dà rú mọ́ Evaristo lọ́wọ́. Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀, ó pariwo pé:

"Èmi! Èmi ni mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé oyún rẹ̀!"

Ẹni tó di kámẹ́rà mú gé apá aṣọ ara rẹ̀ jẹ kí ẹ̀rín má bọ́. Àyà Herminia já, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró de àyà. "Ìwọ lo gbé e?" ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín kan tó korò bí ewúro. "Ìwọ? Ó kù kí o sọ pé ìwọ lo fún un lọ́mú." Ó yí ẹ̀yìn sí i. Iná pupa kú.

Arrieta já wọ àárín wọn. "Don Evaristo! Gbogbo Mẹ́síkò ló gbọ́ pé ẹ lóyún! Ọ̀rọ̀ obìnrin lẹ ń sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ọtí ni àbí ogbó?"

"Ogbó ni," Evaristo dáhùn, ó ń yọ ẹ̀wà létí. Kò wo ọ̀dọ̀ Herminia.

"Ẹṣin á jù yín lulẹ̀ ní Jímọ̀. Ẹ̀yin, Doña, ẹ ṣe é! Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ara mi bù máṣọ."

Ikú tí ìbá pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Herminia ti fẹ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wò ó, orí Evaristo ni fìlà tí ikú ṣí ti bọ́. Ó ti ń kó aṣọ rẹ̀, ó ń fẹ́ bọ́ síta. Bí Herminia bá panu mọ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó bùṣe.

"Señor Arrieta, etí òsì mi ti kú. N ò gbọ́ Chela rárá lónìí. Gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, Don Evaristo ló bù ú fún mi."

Evaristo yíjú padà. "Ẹnu yín ò lè gbé jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Doña? Mò ń kú tèmi jẹ́jẹ́!"

Arrieta wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ nígbà tí mo yí àga?"

"Ká ní mo sọ, ṣé ẹ bá yí i padà?"

Arrieta rò ó wò. Oníjàgídíjàgan ni, ṣùgbọ́n kì í purọ́. "Rárá. Òní gan-an ni n bá ti pa yín."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di Jímọ̀, kí ẹ pa èmi dípò rẹ̀."

Ní Jímọ̀, àyà ìyá náà daṣẹ́ sílẹ̀. Herminia kọ̀, kò gba ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un: "Mo dárí jì ọ́," kí ó sì dákẹ́. Ó gbé orí lé itan Evaristo, ó ní òun dárí jì í, ọrùn rẹ̀ yẹ̀. Arrieta ṣẹ́wọ́ sí ọmọbìnrin tí yóò polówó ọṣẹ pé kó múra.

Òkú la ojú.

"Ó ku nǹkan kan," ó ní. Ó sọ ẹni tí yóò máa fún àwọn adìẹ àgbàlá lóńjẹ. Ó sọ aṣọ tí wọn kò gbọdọ̀ fi sin òun. Ó rántí ìkòkò kan tí aládùúgbò yá tí kò dá padà. Lẹ́yìn kámẹ́rà, Arrieta ń fi ọwọ́ gé ọrùn ara rẹ̀ títí apá fi ń ro ó, ọmọbìnrin ọlọ́ṣẹ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí afẹ́fẹ́. Evaristo ti ki ojú bọ èjìká Herminia, ẹ̀rín ń mì í tìtì. Àwọn tó ń wò wọ́n láti ilé ní àwọn kò rí ọkùnrin tó sunkún ìyàwó tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ kú o, Doña," ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí i ní etí ọ̀tún. "Mo bẹ̀ yín, ẹ kú."

"Ẹ mú sùúrù, Don," Herminia dá a lóhùn láàárín eyín. "N ò tíì dé orí ewúrẹ́."