Ẹni Tó Ni Orin

Lois ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, nígbà tí àwa méjèèjì jọ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbein, l'Abẹ́òkúta. Kò bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Dìran, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, ti gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń wá bàtà kiri ilé bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Ìbarà ni mò ń lọ," ó ní. "Kọ́ládé máa kọrin níbẹ̀ lónìí. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ mi."

"Orin burúkú yẹn náà lẹ fẹ́ kó fi dárúkọ yín?"

"Èmi ni mo ni orin."

Òótọ́ ni. Òun àti Kọ́ládé ni wọ́n jọ ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ nígbà kan. Dìran ló ṣe orin tí wọ́n fi ń kí àwọn àlejò lọ́jọ́ ìkórè, bí àwọn yẹn bá ń jó bọ̀ tòun ti iṣu lórí: *Àlejò, ẹ wọlé, ẹ bá wa jẹun.* Kọ́ládé wá lọ sí Èkó, ó di olórin rọ́ọ̀kì, ó ń wọ kóòtù awọ dúdú nínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé àwọn àjèjì ti jẹ ilẹ̀ wa tán. Ìwé ìròyìn bú u. Rédíò ò gbé orin rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń bú u tó ni èrò ń pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orin tó sì gbé e dókè gan-an, ohùn orin Dìran ló fi kọ ọ́: *Àlejò, ẹ jáde, ilẹ̀ ti kún.*

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ́ ló dun Dìran. Ohun tó dùn ún ni ariwo èrò. Á máa wo Kọ́ládé lórí fóònù, á ní, "Ìka rẹ̀ ò tiẹ̀ yá." Ibi gbogbo là ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lo se ọbẹ̀ tí ẹlòmíì ń bù tà ńkọ́?

Ní iwájú ilé, Ummulkulthum dá a dúró. Aránṣọ ni, òun ló háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn. Sókótó ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n bí òun sí.

"Bùrọ̀dá, ẹ dúró, kọ́là yín ti ká." Ó tún un ṣe, ó fi eyín gé òwú kan tó yọ. "Àǹtí Lois ní ẹ fẹ́ lọ gba orin yín. Mò ń bọ̀ o. Ẹ bá wa kọ ọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo máa pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi á fi bó."

Dìran mi orí pé òun ti gbọ́, ó lọ.

Lẹ́yìn pèpéle ní Ìbarà, Kọ́ládé dì mọ́ ọn. "Dìran! Àbí o ṣì ń ta gìtá fún àwọn ìyá ìjọ?"

"Orin mi lo fi ń jẹun."

"Mo mọ̀. Kí lo wá fẹ́?"

"Kí o sọ ọ́ ní gbangba."

"Ìyẹn nìkan?" Kọ́ládé rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán."

Ó fà á lọ́wọ́ jáde síwájú èrò. "Wọ́n ní èmi ni mo kórìíra àlejò, àbí? Ẹ wo tíṣà! Ẹ wo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn jẹ́jẹ́! Òun ló ni orin yìí, láti orí dé ìdí!"

"Dìran! Dìran!" Èrò ń pariwo. Orúkọ náà bọ́ sí i lára bí òjò àkọ́rọ̀. Kọ́ládé ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu.

Nígbà náà ló rí Ummulkulthum níwájú, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń retí. Dìran mọ̀ pé bí òun bá kọ ọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ariwo yẹn á kú.

*"Àlejò, ẹ jáde..."*

Ó dùn. Ó dùn ju ti Kọ́ládé lọ, Kọ́ládé fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Ojú rẹ̀ le. Dìran rí ìlara lójú rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè sí i. Nígbà tó tún wo iwájú, ọwọ́ Ummulkulthum ṣì wà lókè. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ò pàdé ara wọn.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, Lois ń bá Ummulkulthum gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sínú rẹ̀. Lois ò wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ummu, níbo lò ń lọ?"

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Lois lọ́wọ́. "Bùrọ̀dá, ẹ kú orin."

Dìran fẹ́ sọ pé òun kọ́ ló ni orin yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo Ìbarà ti gbọ́ ẹni tó ni ín. Ó fọwọ́ kan kọ́là rẹ̀. Kọ́là náà ṣì dúró dáadáa bí obìnrin náà ṣe tún un ṣe.

Kẹ̀kẹ́ gbéra. Ummulkulthum di ẹ̀rọ rẹ̀ mú mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó kọjú síwájú títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, kò wẹ̀yìn.