Adágún Tí Ẹsẹ̀ Á Kanlẹ̀

"Wọ́n ní Alhaji ti… Lórí ọ̀rọ̀ omi yẹn náà ni… Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ní bó bá tún fẹsẹ̀ kan adágún, kó má…"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bù ú sọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ìlú Stafford lókè òkun, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ dópin. Nígbà tí Màríàm ọ̀rẹ́ Hàbíbàt yóò fi pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ti rí ìrù so mọ́dìí: bàbá Hàbíbàt ò fẹ́ kó débi omi mọ́.

Hàbíbàt ò béèrè. Ìdájí ni Alhaji Fàtáì bàbá rẹ̀ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ wọn ní La Porte, bí wọ́n bá sì dé, ọmọ tó ń tijú bíi tirẹ̀ kì í ko àgbà lójú pé kí wọ́n tún òfin wọn sọ. Ó kàn gbé pátákó onígbòkun rẹ̀, èyí tí èèyàn ń dúró lé kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lórí omi, ti ògiri gáréèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló tíì gùn ún, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ti kó kúrò nílùú báyìí. Ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ó kù kó wá adágún tó ti lè máa dá kọ́ ọ fúnra rẹ̀, kí òtútù tó dé. Oṣù Kẹwàá sì ti wọlé.

Màmá Fàúsátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wá kí wọn láti Ẹ̀pẹ́, ń rí i bó ṣe ń wo ewé igi tó ń mì lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kó wa ọkọ̀ gbé àwọn jáde, àwọn fẹ́ wo adágún ìlú yìí, kó sì di pátákó rẹ̀ mọ́ òrùlé ọkọ̀. Àṣẹ àgbà méjì wá kojú ara wọn. Èyí tó dúró níwájú rẹ̀ ló tẹ̀ lé.

Létí adágún àkọ́kọ́, omi tẹ́jú bíi jígí. Ó wù ú. Màmá tú ìborùn wọn, wọ́n gbé e sókè, etí rẹ̀ sì nà tààrà sí àárín omi.

"Ẹ̀tàn ni," màmá wí. "Ẹ̀yìn wa ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Yóò gbé ọ lọ, kò ní gbé ọ bọ̀."

Ní ìkejì, ọkọ̀ ojú omi ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, koríko sì kún abẹ́ omi. Màmá ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ṣé ojú títì freeway ni ọmọ àwọn fẹ́ lọ ṣeré lórí ẹ̀ ni.

Ìkẹta kéré, ó fara pamọ́ lẹ́yìn ìlú Fulshear. Ìborùn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dorí kọ èbúté. Màmá ká ìró sókè, wọ́n wọnú omi. Ó dé orúnkún. Wọ́n ń lọ, orúnkún náà ni. Ó pẹ́ kó tó mù wọ́n dé ìbàdí.

"Gbé e wá," wọ́n ní.

Hàbíbàt dúró gbagidi. Ó ṣàlàyé pé bàbá ti kọ̀, gbogbo mọ́ṣáláṣí ló gbọ́.

Màmá bú sẹ́rìn-ín nínú omi níbẹ̀. Wọ́n ní abájọ tó fi ń fajú ro látọjọ́ yìí. Ìyá Màríàm tó wá gba kúlà omi tútù rẹ̀ ló gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dúró gbọ́ tán. Wọ́n ní àwọn gan-an ni Fàtáì ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, n ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá tún fẹsẹ̀ kan adágún, kó má jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kanlẹ̀. Ẹ bá mi bá a wá a, ẹ̀yin lẹ mọ omi.'"