Ta Ni Ẹjọ́ Yìí Kò Tẹ́ Lọ́rùn?

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, orí tábìlì iṣẹ́ ni mo sùn lọ sí. Agbẹjọ́rò ìjọba ni mí, ẹ sì mọ̀ pé n kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ Fadérera ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọ ọdún méje ni. Dáísí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó gbà á tọ́, ló fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o lẹ́yìn nítorí pé ó da omi sílẹ̀. Adájọ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹbí, ó ní kí Dáísí máa gbá àgbàlá kóòtù fún oṣù mẹ́fà, ó parí. Iwájú kóòtù yẹn ni Fadérera sì ń gbà lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀. Inú bí mi gan-an. Mo kọ ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná sì ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn.

Nínú àlá, mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbà á. Ọ́fíìsì ọ̀hún ti gbéra nílẹ̀, ó ga tó igi àgbọn. Mo wá àkàbà, mo gùn ún. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àga ló dá mi lóhùn: "Ẹ káàbọ̀, Mà, ẹ jókòó." Mo jókòó, ó ní mo wúwo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Akọ̀wé yọ téèpù télọ̀ jáde. "Ẹ na ọrùn, Mà."

"Kí la fẹ́ fi ọrùn ṣe?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kò tẹ́ yín lọ́rùn. A gbọ́dọ̀ wọn ọrùn náà wò."

Mo rí i pé òótọ́ ló sọ, mo na ọrùn. Ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí. "Kò sóhun tó ṣe ọrùn yín. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n jó."

Fáìlì tó wà lábíyá mi wúkọ́. Ó ní, "Ọmọ náà ni kẹ́ ẹ wọ̀n." Ni Fadérera bá jáde látinú fáìlì pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé lẹ́yìn. Akọ̀wé fi téèpù sí i lọ́rùn, téèpù tán, ọrùn ò tán. Ọrùn ọmọ náà gba ojú fèrèsé jáde, ó kọjá lórí àgbàlá kóòtù, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

"Kí ló fà á tó gùn tó báyìí?" ni mo bi í.

Ó ní, "Mo máa ń nà án wò láràárọ̀ ni, Mà, bóyá wọ́n ti gbálẹ̀ tán, kí n tó lè kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Bí akọ̀wé ṣe ń wá òǹtẹ̀, àwọn ẹbí Dáísí wọlé, adájọ́ ló ṣíwájú wọn. "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, Mà. À ń bẹ̀ yín ni, à ń bẹ̀, bẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀..." Gbogbo wọn di ewúrẹ́. Adájọ́ di òbúkọ, wíìgì rẹ̀ sì wà lórí ìwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé mi. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Olúwa mi, wọn ò tíì lù ú lóǹtẹ̀." Kò gbọ́. Mo di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, mo fa ìwé mi, ó fà á, mo fà á. Mo jí.

Aago mẹ́ta àbọ̀ ti lù. Ìwé wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ọrùn mi ti gan pátápátá. Mo dìde, mo mú ìwé. Àwọn ẹbí Dáísí to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níta. "Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sí wa." N kò lè yí i. Mo kọjú síwájú, mo ń lọ.

Akọ̀wé kóòtù wò mí tìyanutìyanu. "Mà, kí ló ṣe yín lọ́rùn?"

Mo fi ìwé síwájú rẹ̀. "Kà á lókè níbẹ̀ yẹn."

Ó kà á, ó sì lù ú lóǹtẹ̀.