Wòlímọ̀ Hikmah

Ẹ má ní kí n bá Ìyá Ìbejì yọ̀. Mi ò yọ̀! Èmi Moróunkẹ́ tí mò ń ta òkìríkà ní ọjà Kasuwan Barci, àbúrò mi ló fẹ́ Hàjàrá, Ọlọ́run sì fi ìbejì obìnrin ta wọ́n lọ́rẹ. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ọ̀kan bá wọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Tudun Wada ń pè wọ́n ní "yan biyu", ìyẹn ìbejì lédè Haúsá, àfi bíi pé wọn ò lórúkọ. Orúkọ ń bẹ o! Àmínà ni Táyé, Hikmah ni Kẹ́hìndé. Èmi nìkan ni mò ń pe Hikmah lórúkọ rẹ̀.

Hikmah mọ kéú. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tó fi ka Àlùkùránì parí. Táyé ní tirẹ̀, abẹ́rẹ́ ló mọ̀. Àkísà tí mo bá jù sílẹ̀ ní ìsọ̀, á fi rán ẹ̀wù fún ọmọláńgidi. Ẹ gbé súrà ka iwájú rẹ̀, ẹkún ló máa bú sí. Àfáà Abdulbaqi ní kí á ṣe wòlímọ̀ fún Hikmah. Hàjàrá kọ̀ jálẹ̀.

"Àǹtí, a kì í ṣe ti ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀. Tí Táyé bá bínú padà sọ́run ńkọ́?"

"Sọ́run wo? Ọmọ tó ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ!"

Ó ní àfi kí Hikmah dúró de ìkejì rẹ̀. Ọmọ dúró títí, ọdún yípo, Táyé ò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kan, Hikmah wá bá mi ní ìsọ̀.

"Àǹtí, lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, mo fẹ́ híjáàbù tèmi nìkan. Kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo yọ aláwọ̀ búlúù kan nínú ẹrù tí mo tú, mo fọ̀ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ dá a padà. Ó ní funfun làwọn méjèèjì máa wọ̀, ọjọ́ kan náà sì ni.

"Ṣé Táyé ti wá mọ̀ ọ́n kà ni?"

"Ọlọ́run á ṣe é, Àǹtí."

Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é. Lọ́jọ́ náà, Hikmah kà, ohùn rẹ̀ dùn, Hàjàrá sì fà á wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n pe Táyé, ọmọ aláṣọ funfun kan jáde, ó kà á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara fu mí. Mo sáré wọ yàrá, mo bá Táyé gidi lórí ẹní, ó ń sunkún.

"Màmá ní kí n má jáde."

Háà, Hàjàrá! Níta, ariwo ti sọ: "Táyé mà ju Kẹ́hìndé lọ o!" Àfáà tí kò mọ nǹkan kan gbé Àlùkùránì ẹ̀bùn fún ẹni tó rò pé Táyé ni, ó ní kí Kẹ́hìndé tún múra sí i. Hikmah gbà á lórúkọ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ń jó. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo, àmọ́ mo ro ti Táyé tí wọn yóò fi ṣẹ̀sín, mo gbé e mì. Ó korò ju jogbo lọ.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo yọ híjáàbù búlúù nínú báàgì mi.

"Hikmah, gbà. Tìẹ ni."

Kò nawọ́.

"Ẹ fún Táyé, Àǹtí. Òun kúkú ni wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n kà jù."