Ọmọ Màlúù Tí Mo Fi Pọ́dà Kùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu má baà yún mí: kò tíì sí ọmọ tuntun tí ọwọ́ mi bà tí kò dára. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, èmi ni mo sì wẹ gbogbo wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe onígbàjámọ̀, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé orí arúgbó kùjọ́kùjọ́, abẹ mi ò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ránṣẹ́ pé àsìkò ìbímọ àwọn màlúù òun ti dé, kí n wá bá òun mójú tó wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ sinmi. Ẹni tó mọ ọmọ èèyàn wẹ̀, kí ni ti ọmọ ẹran?”

Ó wò mí láti orí dé bàtà. Bàtà aláwọ dídán ni mo wọ̀. Ó ní, “Káàbọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, bí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ó rò pé kò lè lé eṣinṣin. Kò sanra ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ogún màlúù oníwàrà ló ń tọ́jú, bí ọ̀kan bá wúkọ́ nínú òkùnkùn, yóò sọ orúkọ ẹni tó wú u. Á fọwọ́ tẹ ìdí ìrù màlúù wò, á ní, “Èyí á bí kí oòrùn tó kan àtàrí.” Á sì bí. Dókítà ẹran fúnra rẹ̀ kì í ṣí àpò kó tó bi í pé, “Màmá, kí lẹ rí?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Adúmáadán bí. Màlúù dúdú ni, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ náà já bọ́ sórí koríko gbígbẹ, kò mí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka nu ikun kúrò ní imú rẹ̀, ó fi pòròpórò koríko rin ín nímú. Ọmọ sín. Ó mí. Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ irú sísín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ò tíì gbọ́ orin.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde ni ọkọ rẹ̀ figbe ta láti ilé màlúù kejì: “Ìyàwó mi o! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yọ níbí o!”

Ó ti ń sáré lọ kó tó yíjú sí mi. “Dúró tì wọ́n. Ìyá ẹ̀ ló máa ṣe gbogbo ẹ̀. Wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó pọ́n bíi pupa ẹyin, ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ mu ún kó tó di ọ̀sán. Bí kò bá mu ún, àìsàn tó bá kọ́kọ́ kọjá á gbé e lọ. O gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ yìí, ikun látòkè délẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró ní kọ̀rọ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún. Mo ní wọn ò mọ ìmọ́tótó nílé yìí. Mo gbé ọmọ náà lé itan, mo fi aṣọ iṣẹ́ funfun tí mo wọ̀ nu ún tónítóní. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Mo yọ kóòmù nínú àpò iṣẹ́ mi, mo fi ya irun orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi pọ́dà kùn ún lọ́rùn, mo wá fi lọ́fíńdà díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí. Ó ku kó wọ táì.

Mo tì í síwájú ìyá rẹ̀. Adúmáadán gbóòórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ọmọ tẹ̀ lé e, ó ń wá ọmú. Ìyá ta á nípàá, gbì! Ọmọ ṣubú.

Ìgbà yẹn ló yíjú sí mi. Ó gbóòórùn àyà mi. Ó ké bí ẹni tó rí ohun tó sọ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá mi. Ahọ́n màlúù, ẹ̀yin èèyàn mi! Bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó ni. Mo sá síhìn-ín, mo sá sọ́hùn-ún, ó tẹ̀ lé mi. Mo gun ọgbà, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń sunkún mi.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ẹ̀jẹ̀ ti dé èjìká rẹ̀. Ó ti fa ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn yẹn jáde láàyè. Ọkọ rẹ̀ àti dókítà ẹran tí wọ́n ránṣẹ́ pè tẹ̀ lé e. Ọkọ rẹ̀ rí mi lórí ọgbà.

“Àna mi, ẹ kú ewu… ta ló bí ta ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìka bọ ọmọ lẹ́nu. “Ẹnu ẹ̀ ti ń tutù.”

Gbogbo àsọdùn inú mi gbẹ. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí.

Dókítà mi orí. “Màmá, ó ti kọ ọmọ ẹ̀ nìyẹn.”

“Kò kọ ọmọ. Ọmọ ẹ̀ ló ń bẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọgbà yẹn.” Ó na ọwọ́ sí mi. “Bọ́ ọ.”

“Kí n bọ́ kí ni?”

“Aṣọ. Àti ṣòkòtò, ikun ọmọ ti mú un rin gbingbin.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, níwájú dókítà?”

“Dókítà ti rí ẹran rí.”

Mo bọ́ ọ. Ó fi omi lásán ṣan pọ́dà àti lọ́fíńdà kúrò lára ọmọ, ó ki ẹsẹ̀ iwájú ọmọ náà bọ apá aṣọ mi, ó de bọ́tìnnì. Ó fi ṣòkòtò mi nu ìdí rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi èjìká ti itan Adúmáadán, kó má lè tapá, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: “Pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Èyí lo bí. Àbúrò mi kọ́ lo bí.”

Adúmáadán gbóòórùn. Ó tún gbóòórùn. Ahọ́n gígùn yẹn jáde, ó lá kọ́là aṣọ mi, ó lá etí, ó lá ojú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Ìrù kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ni gbogbo wa bá rí ohùn. Dókítà ní òun náà ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ òórùn ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ló kọ́kọ́ fura. Èmi, pẹ̀lú pátá nìkan nídìí, ní bí kì í bá ṣe aṣọ mi, kí là bá wí? A wá para pọ̀, à ń ki obìnrin náà ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, olùkọ́ dókítà, ìyá tó ń bá ìyá mọ ọmọ.

Ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀, ó wo Adúmáadán.

“Ẹni tó bímọ ò tíì mu omi,” ló wí.